Ìwé-Ẹ̀rí àti Ìpè

Bí a bá fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ìwé-ẹ̀rí àti owó oṣù, ǹjẹ́ ìránṣẹ́ ni síbẹ̀síbẹ̀?

Ní 1836, Theodor Fliedner dá ilé kan sílẹ̀ ní Kaiserswerth, ní Jámánì, níbi tí àwọn obìnrin díákónì ti ń kọ́ ìtọ́jú aláìsàn. Wọn kì í gba owó oṣù. Lónìí, ní Finland, obìnrin díákónì Ìjọ Luther ń gba ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ti iṣẹ́ ìjọ, ó sì ń gba owó oṣù.

Ẹ má ṣe kẹ́gàn ẹ̀kọ́: ìfẹ́ tí kò mọ oògùn lè pa aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí wákàtí iṣẹ́ bá parí, tí tálákà sì ń kanlẹ̀kùn, ọkàn ni yóò dáhùn.

Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, ẹ yẹ ara yín wò.