Kí Lo Fẹ́ Ká Rí?

Ẹ̀yin arábìnrin mi ọ̀wọ́n, bí ọmọ wa bá fi fọ́tò òkè Ọ̀kà tàbí ọjà Ìkàrẹ́ tó yà hàn wá, kí ló yẹ ká sọ? Ìyìn lásán kò kọ́ni. Ẹ̀gàn a sì máa ba ọkàn jẹ́.

Lọ́dún 1968, olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní, “Ojú wọn dà?” ti ṣì í wí: irun ló fẹ́ fi hàn.

Nítorí náà, ká kọ́kọ́ bèèrè: “Kí lo fẹ́ ká rí?” Lẹ́yìn náà, ká sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, àti bí yóò ṣe tún un yà. Ìwọ tí a ń tọ́ sọ́nà, má bínú. Fọ́tò là ń tún ṣe, a kò kọ̀ ọ́.