Ǹjẹ́ Mímúra de Ewu Jẹ́ Pípe Ewu Bí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, pàápàá àwọn ọmọbìnrin tí iṣẹ́ ń gbé láti ìlú kan dé èkejì láràárọ̀. A mọ bí a ṣe ń dúpẹ́ ọkọ̀ tuntun. A ó jó, a ó ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ìyá ọlọ́kọ̀ á sì ná owó bí ẹni pé òun ló máa wà á. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti ṣí búùtù ọkọ̀ náà wò kí ọmọ tó gbéra?

Ìyá kan wà tí àbúrò rẹ̀ gbé agolo panápaná àti àpò ìtọ́jú ọgbẹ́ wá fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀. Ìyá náà ní kí ó gbé e padà. Ó ní, "Ọmọ tèmi kò ní rí iná, kò ní rí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà. Èwo ni ká wá máa di ẹrù ìjàm̀bá sí i lọ́kọ̀?" Àwọn tó wà níbẹ̀ dáhùn pé àmín. Àbúrò gbé ẹrù rẹ̀, kò sì wí nǹkan kan mọ́.

A kò gbọdọ̀ fi ìyá yìí rẹ́rìn-ín. Yorùbá ni wá, a mọ̀ pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi. Bí ọmọ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ire ni à ń sọ sí i lẹ́yìn. Ẹ̀rù tó ba ìyá náà, ẹ̀rù ìfẹ́ ni. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ẹni tó bá múra de ibi náà ló pe ibi wá? Ìyàtọ̀ ha wà láàárín kí a mọ̀ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ àti kí a fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwa obìnrin mọ̀ jù. Nígbà tí aboyún bá ń lọ sí kílíníìkì, àwọn nọ́ọ̀sì á kọ ìwé lé e lọ́wọ́: òwú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, abẹ fẹ́lẹ́, Dettol, ohun tí a fi ń di ìwọ́ ọmọ. Ìyá ọkọ á bá a rà wọ́n, á dì wọ́n sínú báàgì, báàgì á sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti oṣù keje. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé abẹ inú báàgì yìí máa pe ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo àpamọ́wọ́ tiwa náà: pín-ìn wà níbẹ̀, róòbù wà níbẹ̀, Paracetamol wà níbẹ̀. Ta ni nínú wa tó gbà pé pín-ìn tí òun mú dání ló fa bùbá òun ya ní ìdí ìyàwó?

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwa ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́, àpótí kan wà lára ògiri ọ́fíìsì tí a ya àgbélébùú pupa sí. Àwọn ọmọ ń ṣubú kí wọ́n tó gbé àpótí náà kọ́, wọ́n sì ń ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Kìkì pé ẹni tó bá ṣubú kì í sunkún pẹ́ mọ́ ni ó yàtọ̀. Àwọn àgbà tó sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí kò bú alákàn pé kò ní ìgbàgbọ́.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ìyá yẹn fi jàre. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ní irinṣẹ́ gbogbo, tí wọ́n wá sọ irinṣẹ́ di ààbò. Wọn á máa sáré bí ẹni tí ológun ń lé, nítorí pé agolo panápaná wà lábẹ́ àga. Agolo kan kò gba ẹni tó ń sá eré àsápajúdé. Ẹrù inú búùtù kò rọ́pò ìwà, bẹ́ẹ̀ ni òróró orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò rọ́pò bíréèkì.

Kí ni kí ọmọ tuntun lójú ọ̀nà ní nígbà náà? Kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ẹsítírà táyà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ní i tí kò wúlò fún wọn. Ọdún kan gbáko ló ti wà lábẹ́ ẹrù, afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Kí fọganáísà máa wọn òun náà nígbà tó bá ń wọn mẹ́rin tó kù. Nọ́mbà mẹ́rin kan sì wà lára táyà tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó lè máa dán bí tuntun lójú, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò fi dídán tàn yín. Jáákì àti sípánà táyà kò ṣòro láti lò bí ọmọ bá ti dán an wò nílé. Kí ó kọ́kọ́ dẹ àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí ó tó fi jáákì gbé ọkọ̀ sókè, kí ó má sì ki ara bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáákì nìkan gbé dúró.

Ti panápaná, ìsàlẹ̀ àga awakọ̀ ni ipò rẹ̀, nítorí pé nígbà tí iná bá ń jó, kò sí ẹni tó máa ráyè tú búùtù. Kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní ojú àwọ̀ ewé. A ó fa pín-ìn rẹ̀ yọ, a ó dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, kì í ṣe orí ọwọ́ iná, a ó sì máa fì í sọ́tùn-ún sósì. Bí èéfín bá ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí a má ṣí i gbàgà, nítorí atẹ́gùn ni oúnjẹ iná. Kí a má ṣí ìdérí rédíẹ́tọ̀ gbígbóná pẹ̀lú. Tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, wáyà ìjọ́ńpù bátìrì, ẹ̀wù tó ń tàn yanran lóru, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, báńdéèjì àti aṣọ funfun tó mọ́ láti fi tẹ ojú ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, owó díẹ̀ lọ́wọ́, àti ìwé tí a kọ nọ́mbà ilé sí ní ọjọ́ tí fóònù bá kú. Ẹ má jẹ́ kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò sí búùtù o. Ìyẹn kì í ṣe ìmúra, iná tó ń wá ibi jó ni.

Ó ku àmì onígun mẹ́ta pupa tí gbogbo awakọ̀ ń pè ní C-caution. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ewé rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi sí ojú títì, wọ́n á fi òkúta ńlá dí ìdí táyà. Nígbà tí ọkọ̀ wọn bá dára tán, wọ́n á ṣíná, wọ́n á lọ, òkúta á sì dúró sójú títì de ẹni tó ń bọ̀ lóru. Ẹni tó fi òkúta yẹn sílẹ̀ ti múra de ewu ara rẹ̀, ó sì di ewu fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ibí yìí gan-an ni ọkàn wa ti dúró lórí ọ̀rọ̀ náà: ta ni ẹrù inú búùtù wà fún? Ẹ rántí ará Samaríà inú Ìhìn Rere Lúùkù, orí kẹwàá. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí àánú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè ibi tí ó ti rí òróró àti wáìnì tó dà sójú ọgbẹ́ ọkùnrin náà. Kò sáré lọ rà wọ́n lọ́jà. Ó ti dì wọ́n láti ilé fún ìrìn àjò ara rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ó gbéra lọ́wọ́ òfo, kì bá ti ju kí ó mi orí lọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣùgbọ́n èwo ni kí a sọ fún ọmọ wa obìnrin tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, tí ó rí ẹnì kan tó ń na ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nítòsí Ògèrè ní alẹ́? Ọ̀pọ̀ ìyá ló ní ìdáhùn kan ṣoṣo: "Má dúró o, ohun yòówù kí ó jẹ́." A mọ ìdí rẹ̀. Àwọn olè ti fi ọkọ̀ tó bàjẹ́ dẹ pàkúté rí, wọ́n sì ti gbé ènìyàn wọ igbó. A kò ní í sọ pé kí ọmọdébìnrin dá nìkan dúró lóru. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìyá bá kọ́ gbogbo ọmọ pé kí wọ́n má dúró rárá, ta ni yóò dúró fún ọmọ tiwa ní ọjọ́ tí tirẹ̀ bá bàjẹ́?

Ohun tí àwa rò ni pé ìrànlọ́wọ́ ju ìdúró lọ. Kí ó kọjá, kí ó wo ibi tó wà dáadáa, kí ó sì dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti ènìyàn wà, kí ó pe 122 ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tàbí 112, tàbí kí ó sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó bá kọ́kọ́ pàdé. Ìyẹn náà jẹ́ àánú. Ní ọ̀sán, tí ènìyàn bá pọ̀ níbẹ̀, kí ó dúró, kí ó gbé ìbọ̀wọ́ àti báńdéèjì rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí tánkà epo bá ṣubú, kí ó má súnmọ́ ọn rárá, agolo kékeré kò tó iná bẹ́ẹ̀. Ní oṣù October ọdún 2024, ènìyàn tó lé ní 150 ló kú ní Majia, ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, nígbà tí tánkà tó ṣubú gbiná, tí ọ̀pọ̀ sì ń gbọ́n epo níbẹ̀.

Ẹ̀rù mìíràn tó ń dá àwọn ènìyàn dúró ni pé ilé ìwòsàn kò ní gba ẹni tí wọ́n gbé wá, tàbí pé ọlọ́pàá á mú ẹni tó gbé e wá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ti ọdún 2017 sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Kí àwọn ọmọ wa mọ òfin wọ̀nyí bí wọ́n ṣe mọ àmì ojú ọ̀nà.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà nílẹ̀ wa kò dúró de ìgbà tí ikú kan ilé wọn. Ní ọdún 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà nídìí ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, nítorí ikú tó ń pọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Títí di òní, àwọn tó ń fi ara wọn jìn láìgba owó oṣù ń bá àjọ náà ṣiṣẹ́, olùkọ́ wà lára wọn, oníṣòwò wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un fún àwọn ìyá. Ohun tí a bá fi ran àjèjì lọ́wọ́ kì í padà wálé nígbà gbogbo. Báńdéèjì á tán, omi á tán, ẹnì kan á yá sípánà, á sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá délé tó ròyìn pé sípánà ti bá ẹni tí òun kò mọ̀ rí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú u. Ọjọ́ kejì, ẹ fún un lówó kí ó ra òmíràn.