Fáàfù Oko àti Ẹni Tó Ni Òjò

Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ọyẹ́ á mú, koríko á gbẹ. Àsìkò yìí gan-an ni ẹni tó ní páńpù àti páìpù lóko ń rówó nídìí ẹ̀fọ́. Àsìkò yìí náà ni ìbéèrè àtijọ́ kan máa ń jí: ṣé àgbẹ̀ tó ń ṣí fáàfù kí omi lè wọ oko rẹ̀ ṣì gbójú lé Ọlọ́run, àbí ó ti gba iṣẹ́ òjò mọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́?

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti béèrè irú ìbéèrè yìí nilẹ̀ Ìgbómìnà. Ní Ẹ̀sìẹ́, tí ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti ọdún 1945, inú ìdílé kan náà lèèyàn ti lè rí mùsùlùmí, onígbàgbọ́, àti ẹni tí kì í pa ọdún àwọn ère ìlú náà jẹ. Ní Òmù-Àrán, ìjọ Living Faith, tí Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo tó jẹ́ ọmọ ìlú náà dá sílẹ̀, ló ṣí Yunifásítì Landmark lọ́dún 2011, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe òpómúléró rẹ̀. Ìjọ tó gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́ tọkàntọkàn ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ oko. Ìdáhùn kan ti wà nínú ìyẹn.

Àwọn ìwé mímọ́ fúnra wọn ti dá sí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Nínú Diutarónómì, orí 11, Mósè fi Íjíbítì wé ilẹ̀ ìlérí: ní Íjíbítì, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń darí omi lọ sídìí ohun ọ̀gbìn, ojú sánmà ni ilẹ̀ ìlérí ń wò. Èèyàn lè tìtorí èyí sọ pé àgbẹ̀ olójò lólóòótọ́ sí Ọlọ́run ju àgbẹ̀ onípáìpù lọ. Ṣùgbọ́n Jẹ́nẹ́sísì, orí 2, ti sọ tirẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ sórí ilẹ̀, odò ti ń bomi rin ọgbà Édẹ́nì, a sì fi èèyàn síbẹ̀ kó máa ro ó, kó sì máa tọ́jú rẹ̀.

Ìsìláàmù tilẹ̀ fi ìṣirò dáhùn. Gẹ́gẹ́ bí hàdíìsì ti là á kalẹ̀, irè oko tí òjò bomi rin, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni sàká rẹ̀; èyí tí èèyàn fi làálàá fa omi sí, ìdá kan nínú ogún. (Lọ́nà Ìmáàmù Máálíkì, tí ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan ọkà bí àgbàdo, kò kan ẹ̀fọ́ àti tòmátì.) Òfin náà mú ẹrù onípáńpù fúyẹ́ nítorí wàhálà rẹ̀, kò sì gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ Ọlọ́run ṣì wà nínú irè náà.

Ẹ̀sìn kò bínú sí fáàfù, nígbà náà. Àwáwí ni fáàfù ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí òjò bá kọ̀ tí àgbàdo gbẹ, kò sẹ́ni tó máa bi olóko léèrè. Bí omi bá kún táńkì tí ata ṣì gbẹ, ẹnì kan ló jẹ̀bi.

Ẹ̀bi náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjà tí èèyàn ti ra fáàfù. Táńkì tó bá ga ní mítà mẹ́wàá ló ń fún omi ní agbára báà kan (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi). Táńkì orí òpó onímítà mẹ́ta kò lè fún un ju nǹkan bí 0.3 lọ. Ọ̀pọ̀ fáàfù oníná ló jẹ́ pé agbára omi ló ń gbé awọ rọ́bà inú wọn, nítorí náà wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lábẹ́ irú táńkì bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí owó wọn pọ̀ tó. Bọ́ọ̀lù-fáàfù tí wọ́n ń fọwọ́ yí tó. Àmọ́ bí wọ́n bá pa á gìrì nígbà tí omi ń sáré nínú páìpù gígùn, omi á kọlu páìpù, oríkèé sì lè já. Géètì-fáàfù máa ń rọra pa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n máa fi í sílẹ̀ ní ìdajì.

Ọjọ́ tí fáàfù bá kọ̀ ni ìgbàgbọ́ èèyàn máa ń hàn. Ó yá ọ̀pọ̀ lára láti sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Plọ́ńbà tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Á kọ́kọ́ wò ó bóyá omi ń dé ẹnu fáàfù, á tú asẹ́, á fọ̀ ọ́. Á wá fọwọ́ tú ìdè kékeré orí fáàfù oníná díẹ̀. Bí omi bá lọ, ọ̀ràn iná ni: wáyà, bátìrì, tàbí kọ́ìlì. Bí kò bá lọ, á ṣí i, á wo awọ rọ́bà bóyá ó ti ya, á wo ihò tóóró inú rẹ̀ bóyá iyanrìn ti dí i. Fáàfù tó kọ̀ tí kò pa mọ́, ìdọ̀tí ló sábà ń há sábẹ́ rọ́bà náà. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rù Ọlọ́run, nítorí ó lè gba ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ ẹ̀sùn àjẹ́.

Ibi tó le jù ni ibi tí omi kan ti ń bọ́ oko méjì. Ní Mẹ̀dínà, Súbéírù, ìbátan Ànábì, àti ará Mẹ̀dínà kan jà lórí omi tí ń ṣàn lọ sí oko dábínù wọn. Ànábì ní kí Súbéírù tó wà lókè bomi rin tirẹ̀, kó sì jọ̀wọ́ ìyókù fún aládùúgbò. Ní Valencia, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ẹnu ọ̀nà kàtídírà ni àwọn adájọ́ tí àwọn àgbẹ̀ yàn láàárín ara wọn ti ń parí ẹjọ́ omi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. UNESCO fi ìgbìmọ̀ wọn sínú àkójọ àṣà aráyé lọ́dún 2009.

Àwọn tó ń pín páìpù lò nílẹ̀ Ìgbómìnà lè ṣe irú rẹ̀ nílé ọba, ní mọ́sáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n pín ọjọ́, kí wọ́n dá owó rọ́bà àti asẹ́ sílẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Kí kọ́kọ́rọ́ fáàfù àgbà sì wà lọ́wọ́ ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà jù sí táńkì, nítorí oko gbogbo àwọn yòókù ni omi ń là kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.