Aṣọ Ni, Àbí Ẹni Tó Wọ̀ Ọ́?

Bí ènìyàn bá gbé aṣọ wọ̀, tó kọrin, tó jó, tí àwọn tó ń wò ó sì gbà pé ohun tó ju ènìyàn lọ ló wọ agbo, ibo ni agbára yẹn ti wá? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ó tún yọjú nínú Pretty Rhythm: Aurora Dream, eré àwòrán ilẹ̀ Japan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011: àwọn ọmọbìnrin ń kọrin, wọ́n ń jó lórí bàtà bí ti àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín, aṣọ tí wọ́n yàn sì wà lára eré. Ọ̀kan nínú wọn, Aira, a máa gbọ́ ohùn aṣọ.

Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gúngún, aṣọ ló ṣíwájú. Ará ọ̀run ló jáde. Ẹni tó wà nínú ẹ̀kú, aṣọ eégún, kò lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í sọ ẹ̀kú àtijọ́ nù, aṣọ tuntun ni wọ́n ń rán mọ́ ọn, àrán lórí àǹkárá, títí yóò fi wúwo. Bí eégún bá wá yí bírí, gbogbo rẹ̀ á fẹ̀ yí i ká, atẹ́gùn tó bá fẹ́ láti ibẹ̀, ìbùkún ni wọ́n kà á sí.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò gba ọ̀nà yẹn. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti káàkiri ilẹ̀ Yewa, ọkùnrin ló ń jó nínú ìmúra obìnrin, láti fi yẹ́ Ìyá Ńlá àti àwọn ìyá wa sí. Ẹ̀fẹ̀, òṣèré tó ń kọrin, ló ni òru, tí yóò súre, tí yóò sì bá ìlú wí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ni ọ̀sán. UNESCO kéde rẹ̀ lọ́dún 2001 pé ohun àjogúnbá pàtàkì ni. Ẹni tó ń jó kò sá pa mọ́, àwọn èrò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Àwọn obìnrin ló yá a ní ọ̀já àti gèlè. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlù bá sọ, ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá ṣì í, gbogbo agbo á gbọ́.

Àwọn onígbàgbọ́ náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Samúẹ́lì Kìíní orí 16 ní Ọlọ́run kì í wo ìrísí. Bẹ́ẹ̀ Ẹ́kísódù orí 28 pàṣẹ pé kí wọ́n so ṣaworo wúrà mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ Áárónì, kí a lè gbọ́ ìró rẹ̀ bó bá wọ ibi mímọ́. Nínú ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo lọ́dún 1947, ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ọmọ ìjọ yìí a máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ọ̀dà gbígbóná lọ sí ìsìn. Ìmẹ̀kọ, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ni wọ́n sin Oshoffa sí lọ́dún 1985.

Ohun tó hàn nínú gbogbo èyí ni pé agbára aṣọ wà nínú ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀kú gba orúkọ, ọ̀já àwọn ìyá gba ẹsẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ṣìnà, sùtánà gba bàtà. Aira náà mọ̀ ọ́n lára: bí ọkàn kò bá sí nínú eré, aṣọ nìkan kò lè gbé e fò. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ẹni tí ẹwà náà ń lọ bá. Ìyìn eré Japan yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ló ń padà sí. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ìyá ló ń lọ bá, wọ́n sì ń retí òjò, ọmọ àti àlàáfíà ìlú lọ́wọ́ wọn.