Ọlọ́kọ̀ àti Ọkọ̀ Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí ó tọ́ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ gbé yẹ̀ wò. Bí ènìyàn bá fi owó tí ó fi òógùn rẹ̀ wá ra ohun dáradára kan tí kì í ṣe ọ̀ranyàn fún ìgbésí-ayé rẹ̀, ǹjẹ́ adùn tí ó ń jẹ nínú ohun náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni í ṣe, tàbí ẹ̀bùn? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń kọ́ni a máa yára dáhùn. Èmi náà ti yára dáhùn rí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí èmi tìkára mi tí ó mú mi rọra, èmi yóò sì sọ ọ́ kí n tó pa ẹnu dé.

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa dàbí ti ẹni tí ń lépa ẹ̀fúùfù, ẹ jẹ́ kí a mú ohun kan ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré, irú èyí tí àwọn ará Jámánì ń ṣe tí à ń pè ní Porsche.

Ní ọdún 1948, ní Gmünd ní ilẹ̀ Austria, ni Ferry Porsche àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ parí ọkọ̀ kìn-ín-ní tí ó jẹ́ orúkọ ìdílé wọn. Ọkọ̀ kékeré ni. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 600 kílò, agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti ẹṣin 35 péré. Ọ̀gbẹ́ni náà a máa sọ pé òun wá irú ọkọ̀ tí ọkàn òun fẹ́, òun kò rí i, nítorí náà ni òun fi pinnu láti ṣe é fúnra òun. Ní ọdún 1963, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní ìlú Frankfurt, wọ́n fi òmíràn hàn, èyí tí a wá mọ̀ sí 911. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ń kó ẹrù sí. Láti ìgbà náà wá, ojú rẹ̀ kò tí ì yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó mọ bàbá kò fi ní mọ ọmọ.

Adùn wo ni ó wà nínú níní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Èkíní ni adùn ti ara. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sún mọ́ ọ̀nà tí ó ń gbà. Sítíárì sì ń ròyìn òkúta àti kòtò fún ọwọ́ rẹ̀. Èkejì ni adùn ti òye. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó ń mọ ohùn ẹ́ńjìnì náà bí ìyá ti í mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá, ó sì mọ̀ nígbà tí kò dá. Àwọn baba wa kò ṣàìmọ adùn yìí, nítorí ẹlẹ́ṣin tòótọ́ mọ ìrìn ẹṣin rẹ̀ nínú òkùnkùn. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í fi ohun tí ó fẹ́ràn sílẹ̀ bí ó ti bá a. Ọba tí a mú ẹṣin wá fún yóò ní kí a wá gàárì aláràbarà àti ìjánu tí a fi idẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọlọ́kọ̀. Ó lè mú àpẹẹrẹ àwọ̀ tí ó wù ú tọ ilé-iṣẹ́ Porsche lọ, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n lè po ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Ó lè yan irú awọ tí a ó fi bo ìjókòó, àní títí dé orí okùn tí a ó fi rán an. Ní California, láti ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Singer ń gba ògbólógbòó 911 lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n, ó ń tú wọn palẹ̀, ó sì ń tún wọn tò gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ ọkàn olúkúlùkù.

Kíyèsí i, olùkàwé mi, ayọ̀ méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ yìí, wọ́n sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ọ̀kan ni ayọ̀ ẹni tí ń mú nǹkan dára nítorí pé dídára dára. Èkejì ni ayọ̀ ẹni tí a ń wò. Ti ìṣáájú lè jókòó nínú iyàrá nìkan, kí inú rẹ̀ sì dùn. Ti ìkẹyìn kò lè ṣàìwá ojú ènìyàn. Ọjọ́ tí ojú bá sì kúrò lára rẹ̀, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Ní ọdún 1968, Janis Joplin, olórin obìnrin ará Amẹ́ríkà, ra àlòkù Porsche 356 kan. Ó fún Dave Richards, ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ṣiṣẹ́, ní 500 dọ́là pé kí ó kùn ún. Ọkùnrin náà ya labalábá, òkè, ojú ńlá, àti àwòrán àwọn olórin náà sí i lára láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí kò fi sí òmíràn tí ó dàbí rẹ̀ lójú pópó. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1970, obìnrin náà kú nínú ilé ìtura kan ní Los Angeles, ní ẹni ọdún 27. Ọkọ̀ aláràbarà náà dúró ní ìta. Ní ọdún 2015, a tà á ní gbàǹjo ní New York, iye rẹ̀ sì lé ní 1,700,000 dọ́là. Èmi kò sọ èyí láti dá òkú lẹ́jọ́. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé ohun tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kì í dáró ẹni tí ó ṣe é. Àwa ni a ń fẹ́ràn rẹ̀; òun kò mọ̀ wá.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ tèmi. Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, a rán mi lọ sí abúlé kan, mo sì fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́. Mo kùn ún ní pupa, mo fi dígí méjì sí i, mo fi òwú aláwọ̀ mẹ́ta wé ọwọ́ rẹ̀, mo sì ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ní òru ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi kan sì kan ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kẹ̀kẹ́ yín kí n fi lọ pe nọ́ọ̀sì. Ìyá mi ti ń rọbí láti àárọ̀."

Kí n tó wo ojú ọmọ náà, kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Mo rí ẹrẹ̀ ọ̀nà ní ọkàn mi. Mo ní, "Dúró ná, jẹ́ kí òjò dá."

Kò dúró. Ó fi ẹsẹ̀ sáré lọ. Ilẹ̀ ti mọ́ kí nọ́ọ̀sì tó dé. Ìyá yè, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bí kò yè. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kẹ̀kẹ́ ìbá gbà á là, èmi pẹ̀lú kò sì lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà padà sí kíláàsì, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." N kò lè dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe iye owó ni ó ń sọ ohun ìní di ọ̀gá fún ènìyàn. Olówó tí ó ní 911, tí ó lè fi í gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn láìbìkítà fún awọ ìjókòó rẹ̀, ó ní ọkọ̀. Tíṣà tí ó ní kẹ̀kẹ́ tí kò lè yáni, kẹ̀kẹ́ ni ó ni ín. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, èmi kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe fẹ́ ohun tí ó lẹ́wà. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí agbára yín bá ti mọ, nítorí ọwọ́ tí ń tún nǹkan ṣe sàn ju ọwọ́ tí ń bà á jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ máa bi ara yín ní ohun méjì: bí kò bá sí ojú kan tí yóò rí i, ǹjẹ́ èmi yóò ha ṣe é bẹ́ẹ̀? Bí aláìní bá sì kan ilẹ̀kùn, ǹjẹ́ ọwọ́ mi yóò ha ṣí?

Kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó, dígí rẹ̀ kan ti fọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń yá a. Àgbàlá ni mo ń gbé e sí, n kì í sì í fi kọ́kọ́rọ́ tì í.