Ẹ̀jẹ́ Tí A Kò Jẹ́

Ṣé ènìyàn lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ lórúkọ ẹlòmíràn kí Ọlọ́run gbà á? Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àwa ènìyàn Nàìjíríà ti pinnu láti máa gbé ní ìṣọ̀kan lábẹ́ Ọlọ́run, pé àwa la sì ṣòfin náà fún ara wa. Bẹ́ẹ̀, àṣẹ ológun, Dikirí 24, ni Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, olórí ìjọba ológun nígbà náà, fi gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. A kò dìbò lé e lórí. Ọmọlúàbí a máa mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni.

Ẹ wo òfin tí a fẹnu ara wa ṣe. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní àdúgbò wa ní Akobo, n'Ìbàdàn. Nígbà tí à ń ṣòfin ẹgbẹ́, a kà á síta ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe kan ibi tó ní kí a máa ti géètì láago mẹ́wàá alẹ́, ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà dìde, ó ní: "Ẹ̀yin ará, aago mọ́kànlá ni mò ń ti ìsọ̀ dé. Ṣé ìta ni kí n sùn?" A sún un sí aago mọ́kànlá àbọ̀, a nawọ́ sí i. Ìyá yìí ló kọ́kọ́ san owó ọdẹ lóṣù yẹn. Ẹni tó bá ní aráàlú ò mọ òfin, kó wá gbọ́ ti ìyá yìí.

Abala 8 ìwé òfin ọdún 1999 náà ní a kò lè dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, títí kan Ìpínlẹ̀ Ìbàdàn tí à ń bèèrè, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará agbègbè náà dìbò gbà á. Àmọ́ láti tún òfin náà fúnra rẹ̀ ṣe, abala 9 fi í sọ́wọ́ àwọn aṣòfin nìkan.

Kì í ṣe pé a ò bi aráàlú léèrè rí. Ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, 1963, àwọn ará Mid-West dìbò kí wọ́n tó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ìjọba amúnisìn pàápàá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òfin ọdún 1951 ti abúlé bẹ̀rẹ̀ kó tó dé àpérò ńlá ti Ìbàdàn lóṣù Kìíní ọdún 1950.

Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí a ti ń dìbò lábẹ́ òfin yìí, a ti gbà á nìyẹn. Èmi ò gbà. Yíyan gómìnà yàtọ̀ sí fífọwọ́ sí òfin.

Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Ábújá, ẹ túmọ̀ ìwé òfin yìí sí àwọn èdè wa, ẹ jẹ́ ká jíròrò rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ìbò wa sọ bóyá a gbà á tàbí a ò gbà á.