Ta Ló Ń Ṣe Fírídọ̀ọ̀mù fún Ọmọ Yunifásítì?

Tẹ́ ẹ bá rìn káàkiri Òṣogbo tàbí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò ní pẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ta tẹ́ńtì sójú títì, tí àwọn èèyàn wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, tí sípíkà ń pariwo. Gbogbo ìgbà kọ́ ló máa ń jẹ́ ìgbéyàwó. Lọ́pọ̀ ìgbà, fírídọ̀ọ̀mù ni. Ọmọ-iṣẹ́ télọ̀, onídìrí tàbí mẹkáníìkì kan ló parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Á kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí tó máa fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀gá ò tún lè ní kó wá gbálẹ̀ mọ́.

Ọmọ yunifásítì ò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìdánwò tó kẹ́yìn, ó jáde, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi máákà kọ̀wé sára ṣáàtì funfun ẹ̀, wọ́n da omi síra wọn lára, wọ́n ya fọ́tò. Ó parí. Àwọn olùkọ́ ṣì ń máàkì ìwé. Ẹnì kankan ò gbé ọwọ́ lé e lórí kó sọ pé, "Mo ti dá ẹ sílẹ̀, máa lọ." Àwọn ọ̀rẹ́ tó kọ̀wé sí i láṣọ, ẹlẹ́wọ̀n bíi tiẹ̀ ni wọ́n, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn: òmìnira tí ọmọ yunifásítì ń gbádùn láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ta ló fún un? Ṣé ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbádùn ẹ̀?

Mi ò fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu ìgbádùn ọjọ́ yẹn o. Àwọn àgbà máa ń fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ́rìn-ín, pé kó ṣì máa dunnú, pé ojú ẹ̀ á là láìpẹ́. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ò sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tó là kọjá. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2022 nìkan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, wọn ò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹni tó wọlé fún kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin lè lo mẹ́fà. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sùn di aago mẹ́wàá, tó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà jẹ, tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ síbi omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń gun òkè náà ní ìpele-ìpele títí wọ́n fi dé ìkeje, kí la fẹ́ bá a wí sí?

Èmi tí mo kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìgbà tí ẹnì kankan ò fún mi ní asáínmẹ́ǹtì mọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ kóòdù tó dùn mọ́ mi nínú. Ètò kékeré kan ni, tó ń bá ìyá mi ṣírò owó àjọ. Kò sí máàkì kankan níbẹ̀. Ohun téèyàn ń ṣe nígbà tẹ́nì kan ò ní kó ṣe é, òun ló máa ń fi irú èèyàn tó jẹ́ hàn án.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀rọ̀ òmìnira ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1983, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU, pé òun fẹ́ kọ sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó lè tú wò, tó lè tún ṣe, tó sì lè pín fún ẹlòmíràn. Ó pe irú ẹ̀ ní free software. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣàlàyé fáwọn èèyàn pé òmìnira lòun ń sọ, pé òun ò sọ̀rọ̀ owó, torí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún nǹkan méjèèjì. Yorùbá ò ní irú wàhálà yẹn. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀, òmìnira yàtọ̀. Tó o bá sọ fún ìyá ẹ pé o ti gba òmìnira, kò ní rò láéláé pé ọ̀fẹ́ lo ń sọ. Òun ló sanwó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bá ẹni tó sanwó lọ. Nílé tiwa, ìyá mi nìkan kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ránṣọ nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, wà níbẹ̀. Owó ilé-ìwé ò tó èèyàn méjì. Òun ló lọ kọ́ṣẹ́, èmi ni mo lọ yunifásítì. Nígbà tí mo parí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láago mẹ́fà àárọ̀, màṣíìnì ẹ̀ á ti máa dún, èmi á ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan mo dìde pé kí n wá bá a fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Ó ní, "Padà lọ sùn jàre. Ẹni tó bá ránṣọ fúnni, ó máa ń fẹ́ rí i lọ́rùn ẹni." Mo rò ó títí. Bí mo bá kọ̀ tí mi ò gbádùn, ta ni mo ṣe lóore? Aṣọ tí wọ́n rán tán, tí ẹni tó ni ín ò wọ̀, inú télọ̀ ò lè dùn sí i.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí: àwọn tó sanwó ni ọ̀gá, àwọn ló sì yẹ kó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le, torí pé oríṣi ọ̀gá méjì ló wà.

Láyé àtijọ́, tí gbèsè bá wọ bàbá lọ́rùn, ó lè fi ọmọ ẹ̀ sọfà lọ́dọ̀ olówó. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Ìṣirò ẹ̀ ló burú: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé lásán ni. Ó lè ṣiṣẹ́ lóko olówó fún ogún ọdún, ojú owó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ti ọmọ-iṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, wọ́n ń rán an níṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ọdún fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé. Ó mọ ìgbà tó máa tán.

Èwo nínú méjèèjì ni ọmọ tó jáde yunifásítì? Ọ̀pọ̀ ilé ò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Tó o bá ti jáde, o ò ní gbàgbé wa o." Ọmọ á ríṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ránṣẹ́: owó ilé-ìwé àbúrò, owó oògùn, owó páànù ilé tó ń jò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n á tún ní, "Àbí o ti gbàgbé pé torí ẹ la ṣe ta ilẹ̀?" Èlé ló ti ń san látọjọ́ yìí. Ojú owó ṣì wà níbẹ̀.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà la lórúkọ Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí ọjọ́ ìsanwó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní àwọn ò ní dìde àfi táwọn bá gbowó àwọn. A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n Òṣómàáló pàápàá, tó bá ti gbowó ẹ̀ tán, á dìde. Òbí tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ ẹ̀ títí ayé, mi ò mọ orúkọ tí à bá pè é.

Ẹnì kan á sọ pé: ta ló lè san gbèsè ìyá tán? Oyún oṣù mẹ́sàn-án, ọmú, àìsùn, ta ló lè ṣírò ẹ̀? Òótọ́ ni, kò ṣeé ṣírò. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ ká máa pè é ní gbèsè. Gbèsè ní iye, ó sì ní ọjọ́. Ohun tí kò ní iye, ọpẹ́ là ń dá lórí ẹ̀, ọpẹ́ ò sì lópin. Ọmọ-iṣẹ́ tó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù ṣì máa ń gbé nǹkan lọ kí ọ̀gá ẹ̀ nígbà ọdún. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un, òun ló fi máa ń dùn mọ́ ọ̀gá nínú.

Ìtàn Ìjẹ̀ṣà fúnra ẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní ọ̀rúndún 19, ogun kó ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà lẹ́rú. Àwọn kan rí ìdásílẹ̀, wọ́n gbé ní Sàró, àwọn mìíràn ní Brazil, kí wọ́n tó padà sí Èkó. Wọ́n lè jókòó sí Èkó kí wọ́n máa ṣòwò wọn. Ta ló máa bá wọn wí? Síbẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń ran àwọn tó wà lójú ogun Kírìjì lọ́wọ́, ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ẹ̀ lọ́dún 1886. Ọ̀kan nínú wọn, Frederick Haastrup, tó ti gbé Sàró rí, ló wá di Ọwá Iléṣà lọ́dún 1896. Ẹnì kankan ò fi okùn fà wọ́n wálé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí ìwé ìpè àgùnbánirọ̀ lè ní òmìnira wo ni mò ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé ìsìnrú ìlú ló kàn. Ìjọba Gowon ló dá ètò náà sílẹ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí ọmọ ibì kan lè lọ gbé ibòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní àgọ́ (ti Ọ̀ṣun, Ẹdẹ ló wà), wọ́n á wá lo ìyókù ọdún kan níbi iṣẹ́. Orúkọ yẹn le létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsìnrú yàtọ̀ sí oko ẹrú. Àwọn bàbá wa máa ń sìnrú àna: wọ́n á kó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn lọ sóko bàbá ìyàwó, wọ́n á roko, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì lọ sílé wọn. Iṣẹ́ tó lópin ni, ìyẹn ló jẹ́ kó níyì.

Ohun tí mò ń dábàá ò náni lówó púpọ̀. Kí ọmọ tó parí mú ṣáàtì tí wọ́n kọ̀wé sí yẹn délé. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ fáwọn tó sanwó: bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá tó yá wọn lówó. Kí àwọn náà wá ṣe bí ọ̀gá. Kí wọ́n gbàdúrà. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń retí lójú gbogbo ilé: bóyá àbúrò kan tó máa ràn lọ́wọ́ títí onítọ̀hún á fi parí, bóyá ilẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ rà padà. Kí wọ́n dá ọdún fún un. Bí kò bá sí nǹkan tí wọ́n ń retí, kí wọ́n sọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sùn, kó jẹun, kó gun òkè tó bá wù ú, láìsí ẹni tó ń bi í pé, "Iṣẹ́ ńkọ́?"

Tí ọdún tí wọ́n dá bá wá pé, tí ọmọ sì ti ṣe tiẹ̀, kí wọ́n pè é jókòó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ ò wúwo lẹ́nu: "Ó tó. O ṣeun. Máa lọ."